Orúkọ Ọmọ Lórí Pátákó

 

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìkòkò. Ní àdúgbò tí mo ti dàgbà, ìyá olóúnjẹ kan wà tí àwọn awakọ̀ máa ń tìtorí àmàlà rẹ̀ yà lọ́nà. Gbẹ̀gìrì rẹ̀ kì í di aago mẹ́ta ọ̀sán kó tó tán. Nígbà tí owó ń wọlé dáadáa, màmá ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí ọ̀nà ọjà, ó fi àbúrò rẹ̀ síbẹ̀. Èlùbọ́ kan náà ni wọ́n ń rò, ẹran kan náà ni wọ́n ń rà, aláta kan náà ló ń lọ ata fún wọn. Oṣù mẹ́fà kò pé tí ṣọ́ọ̀bù kejì fi kógbá sílé. Àwọn oníbàárà ní kò dà bíi ti màmá. Lọ́jọ́ tí màmá bá fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀, èrò á kún. Bó bá ti padà sí ti àkọ́kọ́, eṣinṣin nìkan ní í ṣẹ́ kù. Wọ́n bi í pé kí ló fà á. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó ní, “Èyí ni. Ẹyọ kan ni mo ní.”

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kan ṣoṣo yẹn ló gbé mi wá síbí lónìí. Àwọn èèyàn kan wà láyé tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti mú kí oúnjẹ dùn bákan náà níbi tí ọwọ́ wọn kò dé, nílùú tí wọn kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí, lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọdé tí wọn kò bá pàdé rí. Àwọn ni ọ̀gá ilé oúnjẹ ẹlẹ́ka púpọ̀. Nínú wọn, ẹnì kan ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀: Dave Thomas, ará Amẹ́ríkà, tó dá ilé oúnjẹ Wendy's sílẹ̀. Mo mú un nítorí pé kò sí ipò kan nínú iṣẹ́ náà tí kò gbà kọjá, láti orí ẹni tó ń nu tábìlì títí dé orí ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ ojú rẹ̀. Mo sì mú un nítorí àṣìṣe kan tó ṣe, tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló ń ru ẹrù rẹ̀.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1932, ní Atlantic City, ìpínlẹ̀ New Jersey. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí tọkọtaya kan, Rex àti Auleva Thomas, gbà á tọ́. Ọmọ náà kò ju ọdún márùn-ún lọ tí Auleva fi kú. Rex kò ní iṣẹ́ tó dúró sójú kan. Ibi tí iṣẹ́ bá ti yọjú ló ń kẹ́rù lọ, ọmọ á sì tẹ̀ lé e, ilé-ìwé tuntun, àdúgbò tuntun. Ẹni tó dúró gbọin fún un ni ìyá àgbà rẹ̀, Minnie Sinclair, tó wà ní Michigan. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa ń lo àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnu rẹ̀ náà ló sì ti gbọ́, nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, pé àgbàtọ́ ni òun.

Ẹ fojú inú wo ilé tí kò sí ìyá níbẹ̀, tí bàbá kì í dáná. Ilé oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú ni Rex àti ọmọ rẹ̀ ti máa ń jẹun alẹ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ojú ọmọ náà á wà lára tábìlì kejì, níbi tí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ ti ń jẹun pọ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ròyìn rẹ̀ nígbà tó dàgbà pé ibẹ̀ ni òun ti pinnu pé òun yóò ní ilé oúnjẹ tòun lọ́jọ́ kan. Àwa máa ń rò pé ìdí ààrò ni olóúnjẹ ti ń kọ́ṣẹ́. Orí àga oníbàárà ni Dave ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Kó tó mọ bí a ṣe ń tan iná, ó ti mọ ilé tí àwo rẹ̀ kì í mọ́, ó ti mọ ibi tí wọ́n ti ń fi ojú burúkú gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ fún ọmọdé, ó sì ti mọ bí oúnjẹ tó tutù ṣe ń rí lẹ́nu ẹni tí kò ní oúnjẹ mìíràn nílé.

Ní ọmọ ọdún méjìlá, ó ti ń wáṣẹ́ kiri ní Knoxville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Wọ́n lé e níbi iṣẹ́ kan. Wọ́n tún lé e níbi kejì nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó. Ìgbà tó dé Regas, ilé oúnjẹ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó jẹ́ ọmọ Gíríìsì, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dúró. Wọ́n fi í sí ìdí káńtà, ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn tó ń jẹun ọ̀sán. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ti kó dé Fort Wayne, ní Indiana, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Hobby House. Rex tún ní àwọn fẹ́ kó lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ọmọ ní òun kò lọ mọ́. Ó gba yàrá ní YMCA, ilé ibùwọ̀ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Phil Clauss ló ni Hobby House. Ẹ rántí orúkọ yẹn, a ó padà sí i.

Nígbà tí ogun Kòríà bẹ́ ní 1950, Dave wọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ alásè ní Fort Benning, wọ́n sì gbé e lọ sí Jámánì, níbi tó ti ń bójú tó oúnjẹ ojoojúmọ́ fún 2,000 ọmọ ogun. Ẹ̀yin tẹ ẹ ti dáná ìsìnkú ńlá rí, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Bó bá jẹ́ èèyàn mẹ́wàá, alásè lè wo ọbẹ̀ lójú, kó tọ́ ọ wò lórí ìtẹ́lẹwọ́, kó fi iyọ̀ díẹ̀ kún un. Bó bá di ẹgbẹ̀rún méjì, ìtẹ́lẹwọ́ kò lè sọ nǹkan kan mọ́. Ìwọ̀n gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé, aago gbọ́dọ̀ wà lára ògiri, ẹni tó ń bó pòtétò gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ẹni tó ń dín in yóò nílò rẹ̀. Mo gbà pé ibùdó ológun yẹn ni Dave ti kọ́kọ́ rí i pé a lè se oúnjẹ láì gbára lé ọwọ́ ẹyọ ẹnì kan.

Ó padà sí Hobby House ní 1953. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ Lorraine, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ níbẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí.

Bàbá kan wá wọlé lọ́jọ́ kan, ó wọ kóòtù funfun, irùngbọ̀n rẹ̀ náà funfun. Harland Sanders ni, tí gbogbo ayé ń pè ní Colonel. Oyè ẹ̀yẹ ni, gómìnà Kentucky ló fi dá a lọ́lá, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ogun jíjà. Iṣẹ́ Sanders nígbà náà ni pé ó ń wakọ̀ láti ìlú dé ìlú, ó ń dín adìyẹ fún àwọn onílé oúnjẹ tọ́ wò. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ yóò máa dín in tà, yóò sì máa san sẹ́ǹtì díẹ̀ fún Sanders lórí adìyẹ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni màmá àdúgbò wa kò rí. Sanders kò fi ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ohun tó fi ránṣẹ́ ni èròjà tí wọ́n ti pò pọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó ń lò ó kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìkòkò tí a ń dé pa, tí oru kì í ráyè jáde nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé adìyẹ tó yẹ kó pẹ́ lórí iná yóò jinná kíákíá. Àti iye ìṣẹ́jú tí yóò lò. Ẹni tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbáà jẹ́ àná ló dé ilé ìdáná, adìyẹ rẹ̀ yóò jọ ti Kentucky. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé, ká ní màmá ti lọ ìrú, ata gbígbẹ àti iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ láàárọ̀, tó dì í sínú ọ̀rá, tó kọ iye ṣíbí tí ìkòkò kan gbà sára rẹ̀, bóyá ṣọ́ọ̀bù ọ̀nà ọjà ì bá ṣì wà níbẹ̀. Bóyá. Àbúrò rẹ̀ náà fẹ́ràn àtisùn lọ́sàn-án.

Àwa náà kúkú ti mọ adùn yìí lẹ́nu. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ UAC ti gbé ilé oúnjẹ Mr Bigg's jáde ní 1986, ẹni tó bá ra míìtì páì ní Ìbàdàn kò retí pé kí ti Èkó yàtọ̀ sí i. Nígbà tó sì di 2009, adìyẹ Colonel fúnra rẹ̀ dé Èkó, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àwòrán bàbá onírùngbọ̀n.

Phil Clauss gba adìyẹ Sanders. Nígbà tó ṣe, ó ní mẹ́rin nínú àwọn ilé oúnjẹ adìyẹ Sanders, tí wọ́n ń pè ní KFC, ní Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń kú lọ. Ní 1962 ó rán Dave síbẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé bí Dave bá lè san gbèsè tó tó 200,000 dọ́là tó wà lọ́rùn àwọn ilé náà, ìdá 45 nínú 100 di tirẹ̀. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ, kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ó kó lọ.

Ohun tó ṣe ní Columbus ni ọkàn ìtàn yìí, ohun tó sì ṣe ni pé ó ń yọ nǹkan kúrò. Àkọsílẹ̀ oúnjẹ tó bá lára ògiri gùn bí ìwé ọjà ìyàwó tuntun. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ti béèrè rí ló wà níbẹ̀. Dave fi ọ̀bẹ sí i. Adìyẹ kù, àwọn oúnjẹ díẹ̀ tó bá adìyẹ rìn kù, ìyókù lọ.

Ó rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ta oúnjẹ rí mọ̀ pé ẹ̀rù ńlá ni láti sọ fún oníbàárà pé, “A kò tà á mọ́.” Àmọ́ ẹ wo ohun tí yíyọ yẹn ń ṣe nínú ilé ìdáná. Oúnjẹ tí èèyàn méjì ń béèrè lọ́sẹ̀, ẹran rẹ̀ wà nínú fíríìjì lójoojúmọ́. Ká má tan ara wa jẹ, owó ló ń jẹrà níbẹ̀. Alásè tó ní oúnjẹ ogójì láti kọ́ yóò mọ mẹ́wàá dáadáa, yóò sì máa méfò ìyókù. Èyí tó ní mẹ́rin yóò mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí orúkọ ara rẹ̀. Oníbàárà tí kò ní ohun púpọ̀ láti yàn kò ní pẹ́ ní ìdí káńtà, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní bínú lọ. Bí ohun tí ẹ̀ ń tà bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe rọrùn tó kí ọwọ́ ẹlòmíràn lè ṣe é.

Ìpolówó kù, owó kò sì sí. Dave gbé adìyẹ lọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò: àwọn òṣìṣẹ́ jẹ adìyẹ, wọ́n sì polówó adìyẹ. Òun náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ka bọ́kẹ́ẹ̀tì gàgàrà aláwọ̀ pupa àti funfun tó ń yí lórí òpó níwájú àwọn ilé KFC sí lọ́rùn. Ó san gbèsè. Ní 1968 ó ta ìpín rẹ̀ padà fún ilé-iṣẹ́ KFC ní 1.5 mílíọ̀nù dọ́là. Ọmọ tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ nítorí ọjọ́ orí ti di mílíọ̀níà kó tó pé ogójì ọdún.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó jẹun. Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 1969, Dave ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ ní òpópónà East Broad, ní Columbus yẹn kan náà. Bọ́gà ló fẹ́ máa tà, ẹran lílọ̀ sínú búrẹ́dì, nínú orílẹ̀-èdè tí McDonald's nìkan ti ní ju ẹgbẹ̀rún ilé lọ. Oúnjẹ tó wà lára ògiri kò ju márùn-ún lọ: bọ́gà, chili, pòtétò díndín, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, àti Frosty, wàrà dídì oníṣokoléètì tó ki débi pé ṣíbí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ẹran rẹ̀ kì í yíká bíi tàwọn yòókù, igun mẹ́rin ló ní. Búrẹ́dì yíká, ẹran ní igun, igun sì ń yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹni tó sanwó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó rà. Nínú èdè wọn, ẹni tó bá ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń sọ pé ó ń gé igun. Minnie, ìyá àgbà, ti kìlọ̀ fún ọmọ náà láti kékeré pé kó má ṣe gé igun láyé rẹ̀. Ó gbọ́ràn débi pé ó fi ẹran ṣe é.

Ó ní ẹran tí kò dì bíi yìnyín ni òun yóò máa lò, àti pé ìgbà tí oníbàárà bá béèrè ni wọn yóò tó to bọ́gà rẹ̀. Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Kí oníbàárà má baà dúró pẹ́, ẹran gbọ́dọ̀ ti wà lórí iná kó tó dé. Bí èrò kò bá wá bí a ṣe rò, ẹran á pẹ́ jù, á gbẹ. Kí la ó ṣe sí i? Ẹran tó bá ti kọjá ti búrẹ́dì, wọ́n ń kó o jọ, wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ sínú chili, ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa tó ta, tó ń rọra hó ní ẹ̀gbẹ́ kan láti àárọ̀. Ẹran tí ì bá di àdánù nínú oúnjẹ kan ni òpó oúnjẹ kejì. Ẹ̀yin tẹ ẹ mọ ohun tí ìyá yín ń ṣe sí ẹran iléyá tó ṣẹ́ kù, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, ọgbọ́n kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Dave ti ṣètò rẹ̀ kí ilé tó ṣí, ó fi í sínú àwọn oúnjẹ márùn-ún náà, tó fi jẹ́ pé ọmọdé tó ń yan ẹran lórí iná kò ní máa bẹ̀rù pé òun yan án jù.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ló fi fèsé kan kún ilé kejì, tí onímọ́tò ti ń gba oúnjẹ láì sọ̀kalẹ̀, ó sì fún fèsé náà ní iná ìdáná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 1972 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn mìíràn láṣẹ láti lo orúkọ náà. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sábà máa ń fún èèyàn ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ìlú tàbí àgbègbè odidi ni Dave ń fún wọn, kí ẹni tó gbà á lè yára kọ́lé púpọ̀ láì sí pé ó ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ du oníbàárà. Ní 1976 wọ́n ta ìpín fún gbogbo ènìyàn. Kí 1978 tó parí, ilé ti di ẹgbẹ̀rún kan. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni mo kà yẹn.

Mo ti ń yẹra fún ọ̀rọ̀ orúkọ láti àárọ̀. Ó tó àkókò wàyí.

Ọmọ kẹrin rẹ̀ ń jẹ́ Melinda Lou. Ahọ́n ọmọdé kò gbé orúkọ yẹn, ló bá di Wenda, ó di Wendy. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí bàbá ń wá orúkọ ilé oúnjẹ. Bàbá ní kí wọ́n di irun rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, àwòrán sì gun orí pátákó.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, pátákó olóúnjẹ a máa kọ “Ìyá Rìsí.” Kò sí ẹni tí kò mọ bó ṣe ń rí. Orúkọ Rìsí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá ló ṣáájú. Bí ọbẹ̀ bá dùn, ìyá la ó yìn. Bí ẹyin inú mọ́ínmọ́ín bá kéré, ìyá la ó bú. Rìsí lè lọ di nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin, kó lọ́kọ, kó bímọ, ọbẹ̀ kò kàn án. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “ìyá,” ló dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń gba òjò fún ọmọ. Dave, tó mọ yíyọ ju ohunkóhun lọ, yọ “bàbá” kúrò nínú orúkọ náà. Ó fi ọmọ nìkan síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tí bọ́gà bá bà nínú jẹ́ ní Texas tàbí ní Florida, Wendy ló bà á nínú jẹ́.

Ní 1982, Dave yẹra kúrò nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́. Nǹkan kọ́kọ́ lọ geere. Ní 1984 ilé-iṣẹ́ náà ṣe ìpolówó kan lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú èyí tí ìyá àgbà kan, Clara Peller, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ti wo búrẹ́dì ńlá tó ní ẹran bíńtín nínú, tó sì fi ohùn líle bèèrè ibi tí ẹran wà. Gbogbo Amẹ́ríkà gba ìbéèrè náà sẹ́nu. Walter Mondale tó ń dupò ààrẹ lọ́dún yẹn tiẹ̀ fi ìbéèrè yìí kan náà nà Gary Hart, tí wọ́n jọ ń dupò náà, lójú agbo níbi ìjiyàn wọn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó wà lórí àléfà tún ń fi oúnjẹ kún oúnjẹ. Ní 1985 wọ́n gbé oúnjẹ àárọ̀ dé, ẹyin díndín tí wọ́n ń dín ní ìkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wá bá ṣe fẹ́ ẹ. Ó dùn, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láàárọ̀, nígbà tí èèyàn ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ta ló fẹ́ jókòó sínú mọ́tò lẹ́nu fèsé kó máa dúró de ẹyin? Àwọn alásè tó mọ oúnjẹ díẹ̀ bí orúkọ ara wọn ti di ẹni tó ń wá ìwé wò. Ní 1986 ilé-iṣẹ́ náà pàdánù owó. Wọ́n yan James Near, ẹni tó ti ní àwọn ẹ̀ka Wendy's tirẹ̀ rí, sípò olórí. Near ní àfi kí Dave padà wá.

Ó padà, ṣùgbọ́n kò jókòó sórí àga ọ̀gá àgbà. Ó ń lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ó ń bá àwọn tó ń dáná sọ̀rọ̀. Nínú ìwé ìròyìn ọdún ilé-iṣẹ́ náà fún 1989, ẹ̀wù iṣẹ́ àti épúrọ́ọ̀nù ìdáná ló wà lára rẹ̀, ọ̀pá ìnulẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣòwò fi ń yangàn, MBA, Dave ní tòun dúró fún ọkàn ẹni tó ṣetán láti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kó nulẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọ̀gá kan ní ìlú yìí tí kò ní rẹ́rìn-ín sí i.

Lọ́dún 1989 yẹn ni wọ́n gbé òun fúnra rẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun alápá kúkúrú, táì pupa, ikùn díẹ̀ níwájú, ohùn tó ń lọ jẹ́jẹ́ bíi ti bàbá tó ń ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ sókè. Àwọn amòye ìpolówó bú u pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Títí di 2002 ó ti hàn nínú ìpolówó tó lé ní 800. Mo ti ronú sí èyí púpọ̀. Gbogbo ọgbọ́n ayé rẹ̀, ìwọ̀n, aago, àkọsílẹ̀ kúkúrú, ẹran onígun, dá lé pé kí oúnjẹ má sinmi lé ẹnì kan. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà kò lè yọ. Màmá àdúgbò wa ní ọwọ́ kan ṣoṣo. Ojú kan ṣoṣo ni Wendy's ní.

Ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láàárín gbogbo èyí. Kò parí ilé-ìwé, ó sì ń bẹ̀rù pé àwọn ọmọdé yóò máa fi òun ṣe àwáwí. Ní 1993, nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó gba olùkọ́ sílé, ó ṣe ìdánwò ìjáde tí àwọn àgbàlagbà ń ṣe, ó sì yege. Ilé-ìwé gíga Coconut Creek ní Florida gbà á mọ́ra bí ọmọ kíláàsì wọn. Àwọn ọmọ náà dìbò pé òun ló dà bí ẹni tí yóò ṣàṣeyọrí jù lọ́jọ́ iwájú, wọ́n sì fi òun àti Lorraine jẹ ọba àti olorì níbi ijó ìdágbére wọn. Ó tún gba ọ̀rọ̀ àgbàtọ́ mọ́yà. Ààrẹ George H. W. Bush fi í ṣe aṣáájú ìpolongo gbígba ọmọ tọ́ ní 1990, ní 1992 sì ni ó dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń wá òbí fún àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ àbójútó ìjọba. Láàárín wa, ọmọ àgbàtọ́ pọ̀ nílé ẹbí, ṣùgbọ́n abẹ́lẹ̀ la ti ń sọ ọ́. Dave sọ tirẹ̀ níta gbangba, pẹ̀lú táì pupa lọ́rùn.

Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á, ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní 2002, ní Fort Lauderdale. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ilé Wendy's ti lé ní 6,000 nígbà náà.

Ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Wendy di ẹni tó ní ẹ̀ka tirẹ̀ nínú àwọn ilé náà. Òun náà fara hàn nínú ìpolówó lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà pé àádọ́ta ọdún ní 2019, ó sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì kí bàbá tó kú. Ó ní bàbá bẹ òun. Bàbá ní kò yẹ kí òun fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé náà, orúkọ ara òun ló yẹ kí òun lò, nítorí ẹrù tí òun gbé lé e lórí pọ̀.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Lórí pátákó, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, irun rẹ̀ sì wà ní dídì sí ọ̀tún àti òsì.